Maze, Lyssna, Clarity, àbí ẹni márùn-ún pẹ̀lú mínírà tútù: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Ẹ ti ya àwòrán áàpù yín, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó máa lò ó á rí ọ̀nà nínú rẹ̀ kí ẹ tó kó owó fún àwọn tó ń kọ kóòdù. Irinṣẹ́ orí ayélujára tó ní òun á bá yín ṣe é kíákíá, bíi Maze àti Lyssna, pọ̀ lọ́jà, dọ́là sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ṣé ìdí tí èèyàn fi ń ṣìnà lẹ fẹ́ mọ̀ ni, àbí iye àwọn tó ń ṣìnà?

Bó bá jẹ́ ìdí ni, kò sí irinṣẹ́ tó tó kí ẹ jókòó ti èèyàn, kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Jakob Nielsen àti Thomas Landauer, àwọn olùwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1993: ẹnì kan máa ń tú nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àléébù síta, bó bá di ẹni márùn-ún, ó ti tó nǹkan bí ìdá 85. Láti ẹni kẹfà lọ, ohun tí ẹ ti rí lẹ ó máa rí ṣáá. Àmọ́ irú èèyàn kan náà ni kí àwọn márùn-ún yẹn jẹ́. Bí áàpù yín bá wà fún ìyálọ́jà àti oníbàárà, ẹ wá ti ìyálọ́jà lọ́tọ̀, kí ẹ wá ti oníbàárà lọ́tọ̀. Owó ọkọ̀, mínírà tútù àti dátà díẹ̀ ló máa ná yín.

Ìtẹríba ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ bi ọmọ Yorùbá pé, “Ṣé ó dára?”, bó bá ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, á ní, “Ó dára gan-an, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.” Ẹ ti gba àdúrà, ẹ ò gba èsì kankan. Nítorí náà, iṣẹ́ ni kí ẹ rán an: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ránṣẹ́ sí àbúrò yín.” Kí ẹ wá dákẹ́, bí ọwọ́ tilẹ̀ ń yún yín láti tọ́ka sí bọ́tìnì. Ibi tí ìka rẹ̀ ti dúró, tó gbójú sókè wò yín, ibẹ̀ ni àléébù wà. Kí ó lo fóònù tirẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti sán, tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ó sì sàn kí ẹni tó ya àwòrán náà má ṣe jẹ́ ẹni tó máa jókòó tì í.

Ohun tí ọ̀nà yìí ò lè ṣe ni kíka iye èèyàn. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá ṣìnà, ẹ má lọ kọ “ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún” sínú ìwé fún ọ̀gá yín; ẹni márùn-ún ti kéré jù fún ìyẹn.

Ti fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí ayélujára, Google Forms jẹ́ ọ̀fẹ́. Typeform rẹwà jù ú lọ, ṣùgbọ́n èsì díẹ̀ ni ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ń gbà lóṣù. Lójú tèmi, ẹwà yẹn ò tó owó rẹ̀. Ohun tí èèyàn sọ ni fọ́ọ̀mù ń kó jọ, kì í ṣe ohun tó ṣe. Èyí tí mo máa ń gba èèyàn níyànjú láti fi sínú rẹ̀ ni ìbéèrè mẹ́wàá tí John Brooke ṣe ní 1986, System Usability Scale, tó ń wọn bí nǹkan ṣe rọrùn tó láti lò. Máàkì rẹ̀ lọ láti 0 dé 100, 68 sì ni àárín. Ẹ fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá lo áàpù tán, kí ẹ tún fún àwọn míì lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ ó rí i bóyá máàkì gòkè.

Ìbò orí WhatsApp ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, ó sì yá, àmọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ló ń rí ẹni tó dìbò àti ohun tó mú. Bí ọ̀gá bá ti tẹ èyí àkọ́kọ́, ó parí.

Bó bá jẹ́ iye lẹ fẹ́ mọ̀, ìgbà yẹn ni Maze àti Lyssna wọlé. Lyssna, tó ń jẹ́ UsabilityHub títí di 2023, dára fún ìbéèrè kékeré: ó máa fi ojú-ìwé han èèyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, á gbé e kúrò, á ní kí ó sọ ohun tó rántí. Òun ni kí ẹ mú bó bá jẹ́ ojú-ìwé àkọ́kọ́ méjì lẹ fẹ́ fi wéra. Maze ń gba prototype (àwòrán áàpù tó ṣeé tẹ̀ bíi áàpù gidi) láti inú Figma, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya àwòrán áàpù, ó ń ka iye àwọn tó dé òpin àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ṣì. Àmọ́ prototype máa ń wúwo. Ẹni tó jáde torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà lè bọ́ sáàárín àwọn tí iṣẹ́ náà ṣòro fún, ẹ ó sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Àwọn méjèèjì ń bá èèyàn wá olùdánwò lówó, ṣùgbọ́n ará London tó ń dánwò fún owó lè má mọ ohun tí oníbàárà yín ní Ìbàdàn ń wá. Líǹkì tí ẹ fúnra yín fi ránṣẹ́ sàn jù.

Microsoft Clarity àti Hotjar kì í ṣe ti àwòrán. Ohun tó ti wà níta, tí èèyàn ń lò, ni wọ́n ń ṣọ́. Clarity jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ó sì ń sàmì sí ibi tí èèyàn ti fi ìbínú tẹ nǹkan léraléra. Mi ò rí ìdí tí oníṣòwò kékeré fi máa sanwó Hotjar. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, láti 2023: ẹ sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ ń ṣọ́ ìrìn wọn, kí ẹ sì bo nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá Google Optimize, tí wọ́n fi ń dán oríṣi ojú-ìwé méjì wò, Google ti pa á tì láti oṣù Kẹsàn-án 2023.

Bí ẹ bá máa ra Maze tàbí Lyssna, ẹ kọ́kọ́ lo ọ̀fẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ti oṣù kan ni kí ẹ san, kì í ṣe ti ọdún, kí ẹ sì pa ìsanwó tó ń lọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kó èsì yín sórí kọ̀ǹpútà kí oṣù tó pé.