Mo fi Proxmox kọ́ kíláòdù ilé ìwòsàn wa: ibi tó ti dára àti ibi tó ti ń jẹ owó

Bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni Proxmox VE, sọ́fítíwià tó ń pín sáfà kan sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VM, irọ́ kọ́. Ẹ lè daunlóòdù rẹ̀ lónìí, kí ẹ gbé e sórí sáfà mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín léèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo owó tí ilé ìwòsàn wa ná kí kíláòdù àdáni wa tó dìde, ti sọ́fítíwià ló kéré jù. Iná ló jẹ owó jù, díìsìkì tẹ̀ lé e, súwìsì ṣe ìkẹta. Nítorí náà, bí mo bá pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iná kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ má bínú sí mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni wá, Ìbàdàn la wà, ẹ̀ka wa jẹ́ méjì. Fáìlì àwọn aláìsàn, èsì àyẹ̀wò láti láàbù, àwòrán X-ray àti ti skáànù, owó oṣù òṣìṣẹ́, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, díẹ̀ wà lórí sáfà méjì tó ń lo VMware, sọ́fítíwià tó ń ṣe irú iṣẹ́ Proxmox, nínú ilé, ìyókù wà lórí kíláòdù òkèèrè tí à ń fi dọ́là san. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọgọ́rùn-ún dọ́là kò ju nǹkan bí 46,000 náírà lọ ní báǹkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 150,000. Iṣẹ́ kan náà là ń bá wọn ra, a kò fi kún un. Ní ti VMware, Broadcom parí rírà rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2023, nígbà tó di oṣù kejìlá wọn kò ta láísẹ́ǹsì àràtúnrà-kò-sí mọ́; owó ìgbà-dé-ìgbà ni wọ́n ń gbà báyìí, kọ́ọ̀ inú CPU ni wọ́n sì fi ń kà á.

Ohun tó wá parí àríyànjiyàn ni ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun kan bàjẹ́ lágbègbè Abidjan tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Aláìsàn jókòó síwájú dókítà, fáìlì rẹ̀ wà lókè òkun, kò sí ọ̀nà àtimú un wá. Láti ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó tún bi mí pé kí ni a fẹ́ fi sáfà inú ilé ṣe. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 náà wà níbẹ̀: ó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́, ó sì ní ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ mú ṣẹ kó tó kó irú rẹ̀ jáde kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni má lo kíláòdù òkèèrè o. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta sáfà fi dẹ́rù bà yín.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iná. Dell PowerEdge R730 mẹ́ta la rà, tòkunbọ̀ ni. Bí iṣẹ́ kò bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 200W. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 600W. Fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, 14.4 kWh nìyẹn lójúmọ́. Ní Band A, tí owó rẹ̀ ti wà láàárín 200 sí 225 náírà fún kWh kan láti 2024, owó iná sáfà nìkan ti tó 3,000 náírà lójúmọ́. A kò tíì ka súwìsì, a kò tíì ka ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó bá jẹ́ pé dísù ló fẹ́ máa fi gbé e, kó ṣírò tirẹ̀, kó sì mu omi tútù sí i.

Wákàtí ogún ni Band A ṣèlérí. Mẹ́rin tó kù ńkọ́? Bátìrì lítíọ́mù 48V, 100Ah kan gba 4.8 kWh sínú. Lórí ìwé, á gbé 600W fún wákàtí mẹ́jọ. Ní òdodo, tí ínfátà bá ti jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ọkàn sí mẹ́fà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ètò kì í rántí ni pé sáfà ni ínfátà ń gbé, kì í gbé amúlétutù. NEPA á mú iná lọ, sáfà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, yàrá á sì máa gbóná. Nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, kò ní pẹ́ tí fáànù inú sáfà yóò bẹ̀rẹ̀ ariwo, tí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn yóò sì fà sẹ́yìn. Àwa fi fáànù tó ń fa ooru síta sára ògiri, orí ínfátà la so òun mọ́, a sì pàṣẹ pé bí iná bá ti lọ ju ìdajì wákàtí lọ, kí ẹ̀ṣọ́ tan jẹnẹrétọ̀ láì dúró de ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a fi NUT, sọ́fítíwià kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, sórí sáfà. Proxmox kọ́ ló ni ín, ṣùgbọ́n nítorí pé Debian, irú Linux kan, ló wà nídìí Proxmox, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí wàhálà. Á máa bá UPS sọ̀rọ̀, bí bátìrì bá sì fẹ́ tán, á pa àwọn VM wọ́ọ́rọ́wọ́ kó tó pa sáfà fúnra rẹ̀. Dátábéèsì tí iná bá já mọ́ lórí, ẹ̀yin tí ẹ ti tún irú rẹ̀ ṣe rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Proxmox fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ní Vienna, Austria, ló ṣe é. Ọdún 2008 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. KVM ló ń gbé VM, LXC ló ń gbé kọ̀ntéénà, tó fúyẹ́ ju VM lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fífi sórí sáfà ń gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bráúsà, ẹ tẹ nọ́ńbà IP sáfà pẹ̀lú 8006 lẹ́yìn rẹ̀, ojú-ewé á ṣí: sáfà àti VM ní apá òsì, ohun tí ẹ lè fi wọ́n ṣe ní apá ọ̀tún. Kò sí sáfà ọ̀tọ̀ tó ń darí àwọn tó kù. Èyíkéyìí tí ẹ bá wọlé sí, gbogbo wọn lẹ máa rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Àwọn sáfà yìí máa ń dìbò láàárín ara wọn ni, apá tó bá sì ní ìbò tó ju ìdajì lọ ló láṣẹ. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tí ọ̀kan kú, èyí tó kù ní ìbò kan nínú méjì, ìyẹn kò ju ìdajì lọ, á wá jókòó láì gbà kí ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun padà. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí níbí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju sáfà méjì lọ lè fi kọ̀ǹpútà kékeré kan, kódà Raspberry Pi, ṣe ẹlẹ́rìí tí yóò ní ìbò kẹta. QDevice ni wọ́n ń pè é. VM kankan kò ní wà lórí rẹ̀, ìbò nìkan ló wá dì.

Kí a tó gbé iṣẹ́ gidi lé e, mo pe ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ní ẹ̀ka owó wá, VM tí owó oṣù wà lórí rẹ̀ ṣí lójú kọ̀ǹpútà wọn, mo sì fa wáyà iná sáfà tó gbé e yọ. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi.

“Ẹ̀yin lẹ fà á yọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá a padà!”

“Ẹ fara balẹ̀, mà.”

Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, VM yẹn ti dìde lórí sáfà mìíràn, wọ́n sì wọlé padà. Ìbéèrè tí wọ́n wá bi mí dára ju ti ọ̀pọ̀ ẹnjiníà lọ: “Ẹni tó bá ń tẹ nǹkan lọ́wọ́ nígbà yẹn ńkọ́?” Ohun tí kò bá tíì sééfù, ó ti lọ nìyẹn. Bí sáfà bá kú lójijì, ńṣe ni VM máa tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, kò ní bá a lọ láti ibi tó dé. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni ìwé Proxmox fúnra rẹ̀ sọ, kì í ṣe pé tiwa lọ́ra. Ṣùgbọ́n bí èmi ni mo fẹ́ tún sáfà ṣe, mo lè kó VM kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ ní mọ̀.

Díìsìkì ni ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Oníṣòwò kan tó ta SSD tòkunbọ̀ fún wa búra pé wọn kò lò wọ́n púpọ̀ rárá, pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n dé láti London. Nínú Proxmox, ẹ tẹ orúkọ sáfà, ẹ tẹ Disks, ẹ wo òpó tí wọ́n kọ Wearout sí. Ibẹ̀ ló ti sọ fún wa pé ọ̀kan nínú wọn ti lo ju ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Mo gbé fóònù sójú kọ̀ǹpútà, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láì bá mi jiyàn. Ẹ má ra SSD kọ̀ǹpútà alágbèéká sínú sáfà tó máa gbé Ceph, tí mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà, tó ní agbára díẹ̀ nínú tó fi ń parí ohun tó ń kọ bí iná bá já, ni kí ẹ wá. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká yóò fà bí ìgbín, ẹ ó sì máa rò pé Proxmox ló ń dà yín láàmú.

Ceph yẹn ló ń so díìsìkì sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ọ̀kan. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa kọ ọ́, ẹ̀dà kan sórí sáfà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní SSD 1.92TB mẹ́rin nínú sáfà kọ̀ọ̀kan, 23TB lẹ sanwó fún, 7.68TB lẹ máa rí lò, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kún ju nǹkan bí 6TB lọ. Súwìsì 10Gb náà pọn dandan. Ó ṣiṣẹ́ fún wa, inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ kékeré bá bi mí, màá ní kí wọ́n fi Ceph sílẹ̀, kí wọ́n lo ZFS, tó ń tọ́jú dátà sórí díìsìkì sáfà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí Proxmox máa da VM kọ sórí sáfà kejì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n lè pàdánù. Ta ló ń kú nítorí ìyẹn ní ọ́fíìsì lọ́yà?

Kíkó kúrò lórí VMware rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Láti 2024, Proxmox ti ní ohun tó ń wọ inú ESXi, sọ́fítíwià VMware tó wà lórí sáfà, tààrà tó sì ń kó VM wá. Linux kò yọ wá lẹ́nu. Windows ló ń fẹ́ sùúrù: ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dìde pẹ̀lú díìsìkì SATA, ẹ fi díráfà VirtIO, tó ń jẹ́ kí Windows mọ díìsìkì inú VM, sí i, ẹ so díìsìkì VirtIO kékeré kan mọ́ ọn kó lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó wá yí díìsìkì gangan padà. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yẹn, ojú-ewé aláwọ̀ búlúù ni yóò kí i káàárọ̀.

Proxmox Backup Server, tó jáde ní 2020, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka kejì wa la gbé e sí. Lálaalẹ́, ohun tó yí padà nìkan ló ń kọjá, tí a ti fi kọ́kọ́rọ́ tì kó tó kúrò nílé. Ohun tó bá jọra nínú VM mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ló ń tọ́jú rẹ̀, nítorí náà, bákọ́ọ̀pù oṣù kan kì í gba àyè tí èèyàn ń bẹ̀rù. Bí dókítà kan bá pa fáìlì kan rẹ́, mo lè ṣí bákọ́ọ̀pù àná, kí n yọ fáìlì yẹn nìkan, láì gbé gbogbo VM padà.

Àwọn kan sọ pé OpenStack, sọ́fítíwià kíláòdù mìíràn, ló yẹ ká lò. NASA àti Rackspace ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010, CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Geneva, sì ń lò ó láti 2013. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó ń gba àwọn èèyàn tí kò níṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan ni gbogbo ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wa, àbúrò mi yẹn náà sì ti ń wo ọ̀nà àtijápa. Mo ti ní kó kọ gbogbo ohun tó mọ̀ sílẹ̀.

Ohun tí n kò fẹ́ràn: lójoojúmọ́ tí ẹ bá wọlé, Proxmox á rán yín létí pé ẹ kò san owó àtìlẹ́yìn ọdọọdún, ẹ ó sì tẹ OK. Lẹ́yìn fífi sórí sáfà, ẹ gbọ́dọ̀ yí ibi tó ti ń gba àtúnṣe padà, torí ti àwọn tó ń sanwó ló kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Owó tó kéré jù lé ní 100 euro lọ́dún fún CPU kan. Sáfà wa mẹ́ta ní CPU méjì méjì, ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà. Ìpele yẹn kò sì fún yín lẹ́nì kankan tí ẹ lè pè; àwọn tó san jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ní ẹnjiníà, ní ọjọ́ iṣẹ́ Austria. Aago wọn àti tiwa kò jìnnà síra, ìyẹn ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n alẹ́ Sátidé jẹ́ tiyín nìkan. Kò sì sí ojú-ewé tí ẹ̀ka láàbù ti lè fọwọ́ ara wọn béèrè VM kí wọ́n sì rí iye tí wọ́n jẹ. Lójú ìtumọ̀ tí NIST, àjọ ìlànà ti Amẹ́ríkà, fún kíláòdù ní 2011, ìyẹn jẹ́ àlébù, torí pé kí olùlò lè sin ara rẹ̀ wà lára ohun márùn-ún tí wọ́n kà sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn wa, èmi ni ojú-ewé yẹn. Wọ́n á pè mí, màá dá a sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀dà 8 ti Proxmox la ṣì ń lò. Ẹ̀dà 9, tó dá lórí Debian 13, jáde ní oṣù kẹjọ 2025, wọ́n sì fi oṣù kẹjọ 2026 ṣe òpin àtìlẹ́yìn fún 8. Wọ́n pèsè àṣẹ kan, pve8to9, tó ń yẹ sáfà wò kó sì sọ ohun tó lè dí ìgbésókè náà lọ́wọ́. Mo ti ṣe é lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ceph ló ní ká kọ́kọ́ gbé sókè, òun la sì máa fi bẹ̀rẹ̀, sáfà kan lẹ́yìn èkejì, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí láàbù kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.