Ọnà Kókó Celtic àti Ilé Aláwọ̀ Ṣíṣú: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Fi Wéra Kí Ẹ Tó Rajà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ya ọnà kókó Celtic, ìyẹn àwòrán okùn tí ó ń lọ́ mọ́ra, tí a mọ̀ mọ́ àwọn ará Ireland àti Scotland àtijọ́, ni ó tún fẹ́ gbé e kọ́ sí yàrá tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, ìbáà jẹ́ aró tí ó jinlẹ̀, àwọ̀ ewé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, tàbí àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n ìnáwó méjèèjì sábà máa ń lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn a ra gègé àti bébà lónìí, wọn a ra ọ̀dà àti iná lọ́la, ìlà tí ó hàn kedere lórí tábìlì a sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ nígbà tí ó bá dé ara ògiri. Ìdí nìyí tí mo fi ń wọn gbogbo ọjà tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ojú ẹni tí ó jókòó sórí àga lè tọ okùn kan láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi padà síbẹ̀?

Ìwé àti ọ̀nà ìkọ́ni

Ìwé Kells, ìwé Ìhìnrere tí wọ́n fọwọ́ kọ ní nǹkan bí ọdún 800, tí ó sì wà ní Trinity College ní Dublin, ni àwòkọ́ṣe tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rà. Ó lẹ́wà púpọ̀, ẹ sì lè wo àwọn ojú ewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n okùn inú rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ọwọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ náà kò lè bá a lọ. Ìwé Durrow, tí ó dàgbà jù ú lọ tí ó sì wà ní ilé-ìkàwé kan náà, ni èmi yóò fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Okùn tirẹ̀ fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ju pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé lọ, àyè tí ó ṣókùnkùn sì wà láàárín àwọn okùn náà, èyí tí ó mú kí ojú lè tọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ra àwòrán kan tí ẹ ó máa wò bí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́, ti Durrow ni kí ẹ rà.

Nínú àwọn ìwé ìkọ́ṣẹ́, ti George Bain, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ará Scotland, èyí tí ó jáde ní ọdún 1951, ni orísun púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni títí di òní. Ó gbòòrò: yàtọ̀ sí kókó, ìlà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín wà níbẹ̀, àwọn ẹranko tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn àti àwọn lẹ́tà ńlá pẹ̀lú. Àmọ́ ó máa ń retí pé kí ẹni tí ó ń kà á fúnra rẹ̀ wá ìdí tí ìlà fi yà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ìwé Iain Bain, ọmọ rẹ̀, ti ọdún 1986, mú kókó nìkan, ó sì sọ yíyà rẹ̀ di ìgbésẹ̀ lórí àwọn àmì tótó tí a tò létòlétò. Bí owó ìwé kan péré bá wà lọ́wọ́ yín, ti ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ti bàbá yóò wúlò nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ iṣẹ́.

Ohun tí àmì tótó wọ̀nyí ń kọ́ni ni pé kókó Celtic kì í ṣe ohun tí a ń há sórí. Ìhun lásán ni ó kọ́kọ́ jẹ́, bí irun dídì, tí okùn ń gba orí ọ̀kan kọjá, tí ó sì ń gba abẹ́ èkejì. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìdènà sí àwọn ibì kan tí okùn kò ti gbọdọ̀ kọjá, kí ó lè yí padà. Ibẹ̀ ni kókó ti ń jáde. J. Romilly Allen, onímọ̀ nípa àwọn ohun àtijọ́, ti ṣàlàyé rẹ̀ báyìí kí George Bain tó kọ ìwé tirẹ̀. Ìṣirò tí ó dùn mọ́ mi jù lọ nínú iṣẹ́ yìí sì wà níbẹ̀: nínú ìhun onígun mẹ́rin tí a kò tíì fi ìdènà sí, nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ tí ó lè pín ìbú àti gígùn láìṣẹ́kù ni iye okùn tí yóò wà nínú rẹ̀. Ìhun 4 sí 6, ìyẹn àpótí 4 ní ìbú àti 6 ní gígùn, yóò ní okùn 2, ìhun 4 sí 4 yóò ní okùn 4, ṣùgbọ́n 5 sí 7 yóò jẹ́ okùn kan ṣoṣo tí kò já níbì kankan. Ọ̀pọ̀ fídíò ọ̀fẹ́ kì í sọ èyí, nítorí kókó kan pàtó ni wọ́n ń kọ́ni láti dà kọ. Ẹni tí ó bá wò ó tán yóò mọ ọ̀kan yẹn yà, kò ní lè yà èyí tí yóò bá férémù rẹ̀ mu.

Bébà, gègé àti tábúlẹ́ẹ̀tì

Bébà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onígíráàmù 80 tó fún ìdánrawò, kò tó fún ohun tí a ó gbé kọ́, nítorí yíǹkì máa ń ràn lórí rẹ̀. Bébà onígíráàmù 300 tí wọ́n kọ hot-pressed sí lára ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n kọ cold-pressed sí rí gbágungbàgun, ó sì máa ń kọ́ ẹnu gègé. Ní ti gègé, èyí tí a ń rì bọ yíǹkì ń fúnni ní ìlà tí ó ń fẹ̀ tí ó sì ń tín, ṣùgbọ́n bírò onímú tín-ín-rín ni ó dára fún olùbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ pigment sí i lára, nítorí ọ̀pọ̀ yíǹkì tí kì í ṣe pigment ni oòrùn máa ń tètè pa àwọ̀ rẹ̀. Pigma Micron 05, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.45, àti èyí tí Staedtler ń ṣe ni wọ́n wọ́pọ̀ jù.

Tábúlẹ́ẹ̀tì dára fún títún àṣìṣe ṣe, ó sì lè ya apá kejì ọnà fúnra rẹ̀ bí ẹ ti ń ya ti àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ pọ̀, ẹ ó sì tún san owó ìtẹ̀wé. Ẹni tí kò bá ní i tẹ́lẹ̀ kò nílò láti rà á nítorí iṣẹ́ yìí.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù gbogbo wọn lọ ni fífẹ̀ okùn. Ní mítà 3, àlàfo tí kò bá tó nǹkan bí mìlímítà 1 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, yàrá tí ó ṣú sì tún máa ń dín ìríran kù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí okùn fẹ̀ tó mìlímítà 6 sí 8, kí àlàfo àárín wọn sì tó 2 ó kéré tán. Ìlà dúdú lórí bébà funfun yóò mọ́ jù lára ògiri tí ó ṣú, yóò máa gbé ojú sókè ní gbogbo ìgbà. Ìlà funfun lórí bébà dúdú yóò tura, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀dà funfun tí ó ki, ó sì ń béèrè ọwọ́ tí kò gbọ̀n. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ará àtijọ́: ẹ ya okùn sórí bébà tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kí ẹ sì fi yíǹkì dúdú kún àlàfo àárín àwọn okùn, kí bébà fúnra rẹ̀ di okùn tí ó mọ́lẹ̀.

Ògiri, iná àti gíláàsì

Ní Edinburgh, ojúmọ́ oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bí wákàtí 7 lọ. Nítorí náà, iná ni ilé aláwọ̀ ṣíṣú níbẹ̀ gbára lé, òun sì ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ náwó lé. Gílóòbù 2700K (nọ́ńbà yìí ni ó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ iná) ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ́n tí ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ti 4000K máa ń sọ aró àti àwọ̀ ewé di tútù. Iná kéékèèké mẹ́ta tí a gbé sí igun yàrá dára ju ọ̀kan ńlá lójú àjà lọ. Bí gíláàsì bá wà lójú férémù, kí iná má ṣe dojú kọ ọ́, nítorí gíláàsì nínú yàrá tí ó ṣú máa ń di dígí ìwojú. Gíláàsì tí kì í tan iná padà wà, ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó tó owó rẹ̀ fún àwòrán kan tí ẹ fẹ́ràn gan-an.

Ọ̀dà tí kì í dán máa ń bo àbùkù ògiri, ó sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Àlèébù rẹ̀ ni pé ipa ìfarakàn tètè ń hàn lára rẹ̀. Ọ̀dà tí ń dán rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n yóò fi gbogbo gbágungbàgun hàn. Ẹni tí ó ń gbé ilé onílé ní London tàbí Dublin, tí a kò gbà láyè láti kun ògiri, lè kun pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan kí ó sì gbé e ti ògiri lẹ́yìn àwòrán rẹ̀. Tìmùtìmù tí a fi àrán rán jẹ́ ọ̀nà mìíràn; àdìrẹ aláró láti Abẹ́òkúta náà dára, ó sì bá kókó Celtic gbé pọ̀ dáadáa nínú ilé tí ọ̀nà tí a gbà fín etí ọpọ́n Ifá àti ìlẹ̀kẹ̀ ara adé ti jẹ́ kí ojú mọ irú ìlà tí ń lọ́ mọ́ra bẹ́ẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun nu àdìrẹ tuntun wò kí ẹ tó tẹ́ ẹ sórí àga tí ó mọ́, nítorí aró lè yọ sí i lára.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọnà tí wọ́n ti ṣe tán dípò kí ẹ yà á, ẹ fi ìka tọ okùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí okùn bá gba orí lẹ́ẹ̀mejì léraléra, tàbí tí ó kú sí àárín láìnídìí, ẹni tí ó ṣe é kò mọ ìhun. Ẹ má sì ṣe san àfikún nítorí káàdì tí ó sọ ìtumọ̀ kókó kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn tí wọ́n ya ìwé wọ̀nyẹn kò fi àlàyé kankan sílẹ̀ fún wa nípa ohun tí kókó kan tàbí òmíràn dúró fún. Ìtumọ̀ orí káàdì jẹ́ ti ìgbà tiwa.