Ẹ ṣọ́ra fún tépù oníṣòwò gẹdú kan ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin akanọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ra gẹdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan wà tó ń ta gẹdú lẹ́bàá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ó sì máa ń gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ àwọn onísọ́ọ̀mìlì ní Àgbówá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n ni pé kì í jẹ́ kí oníbàárà di orí tépù rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló máa ń fi bò ó.

Ó ti gé ínṣì mẹ́rin àkọ́kọ́ kúrò lára tépù náà, ó wá fi irin ẹnu rẹ̀ padà síbi tó gé. Níbi tó yẹ kí òdo wà, 4 ló wà níbẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi la jọ lọ. Ọ̀gànwó ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ rà. Ọkùnrin yìí fi tépù yí igi náà po, ó ní ínṣì 70 ni. Mo fa tèmi yọ, mo fi yí ojú ibẹ̀ gan-an, 66 ló jẹ́. Ó ní tépù tèmi ni kò dáa. A bá wá okùn, a fà á le mọ́ igi náà lára, a gé e níbi tí ẹnu rẹ̀ ti pàdé, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a fi rúlà irin wọ̀n ọ́n. 66 náà ni. Ìbínú ló fi dá wa lóhùn.

Ẹ má ṣe sọ pé kí ni ínṣì mẹ́rin jẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ ìbú igi láti inú yíká rẹ̀, 3.14 là ń fi pín in. Òun, 3 ló fi ń pín, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ṣe ń ṣe é. 66 tí a bá fi 3.14 pín, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 21. 70 tí òun fi 3 pín di 23 àti díẹ̀. Ìbú yìí sì ni a ó sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ kí a tó ṣírò iye igi tó wà níbẹ̀: 21 lọ́nà 21 jẹ́ 441, tirẹ̀ lé ní 540. Nínú ₦100,000 tí ẹ bá kà fún un, ó lé ní ₦18,000 tó jẹ́ owó igi tí kò sí. Iṣẹ́ aṣekára làwọn èèyàn fi ń rí owó yẹn! Ó dùn mí gan-an.

(Àwọn kan máa ń pín yíká sí mẹ́rin, ìyẹn ìṣírò Hoppus. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò burú, bí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà.)

Ó tún máa ń dá tépù dẹ̀gbẹ́ lára igi, èyí sì máa ń mú kí nọ́ńbà pọ̀ sí i. Tépù gbọ́dọ̀ dábùú igi gbọọrọ. Ìdí igi, níbi tó ti wú jù, ló fẹ́ràn láti wọ̀n. Ẹ kọ̀ fún un, àárín gẹdú ni kí ẹ wọ̀n. Bí igi kò bá rí róbótó, ẹ wọ̀n ìbú rẹ̀ lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn, kí ẹ wá mú ìdajì àpapọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè bóyá èèpo wà nínú ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra igi tó ṣì wà lórí ìdúró nínú oko mọ̀lẹ́bí, ẹ túbọ̀ kíyè sára. Mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn nǹkan bí ibi àyà àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n àràbà àti àfàrà máa ń ní gbòǹgbò tó yọ síta bí ògiri. Bí gbòǹgbò yẹn bá ga ju àyà yín lọ, òkè rẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n, bí ó tilẹ̀ gba àkàbà.

Ẹni tó bá ti ra gẹdú lọ́wọ́ ọkùnrin yìí tí kò tíì gbé e wọ ẹ̀rọ, kó yára tún un wọ̀n níṣojú ẹlẹ́rìí, kó sì ya fọ́tò tépù náà lára igi. Bí wọ́n bá ti la igi yẹn, kò sí ohun tí ẹ ó fi bá a ṣẹjọ́ mọ́.