Rédíò Tuntun Nínú Camry Àtijọ́: Ohun Tí Ojú Mi Rí Ní Ṣọ́ọ̀bù Kan Ní Òṣogbo

Wọ́n gé plọ́ọ̀gì tó so rédíò mọ́ wáyà ọkọ̀ mi. Ìyẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rédíò ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́ ṣáájú gbogbo nǹkan yòókù.

Camry 1998 ni ọkọ̀ náà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Tiny Light. Rédíò tó bá a wá ṣì ń fọhùn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì fẹ́ máa fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀ nítorí pé fóònù wà ní èkejì. Bluetooth àti kámẹ́rà ẹ̀yìn ni mo ń wá. Mo ra rédíò Android olójú íǹṣì 7, ti Ṣáínà, ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú, a sì jọ ṣàdéhùn pé àwọn náà ni yóò fi í sínú ọkọ̀ fún mi. Ohun tó lè ṣe wà lára páálí rẹ̀, mi ò ní tún un kọ. Ẹyọ kan ni kí ẹ má gbà gbọ́ níbẹ̀: "50W x 4" tí wọ́n kọ gàdàgbà, ìyẹn wáàtì 50 fún sípíkà mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Rédíò tó ń jẹ iná vólútì 12, tí kò ní àńpù lẹ́yìn, bó bá fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí wáàtì 20 tí ohùn ṣì mọ́, ó ti gbìyànjú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ náà mọ dáṣíbọ́ọ̀dù tú. Rọ́bà tó ti gba oòrùn fún ohun tó lé ní 20 ọdún kì í pẹ́ fọ́, ṣùgbọ́n sùúrù ló fi tú u, ìkọ́ rẹ̀ kankan kò kán. Mo ti ń yìn ín lọ́kàn mi. Ó fa rédíò àtijọ́ jáde. Plọ́ọ̀gì méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan olójú 10, èkejì olójú 6. Ó yọ wọ́n, ó wo ìdí rédíò tuntun, ó wo plọ́ọ̀gì, ó na ọwọ́ sí ẹ̀mú. Kí n tó dìde lórí bẹ́ńṣì, plọ́ọ̀gì ńlá ti já bọ́.

"Dúró! Kí lò ń gé yẹn?"

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò bá rédíò tuntun mu ni. Bá a ṣe máa ń ṣe gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ti gé èkejì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ohun tó yẹ kó lò ń bẹ lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ lára: ₦3,500. Adápítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń wọ inú plọ́ọ̀gì Toyota, wáyà ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọn yóò so mọ́ ti rédíò tuntun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Toyota fi lo plọ́ọ̀gì méjì kan náà yìí, nínú Camry, nínú Corolla, nínú RAV4, ìdí nìyẹn tí adápítọ̀ rẹ̀ fi kún ọjà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá rédíò àtijọ́ padà, ẹ ó kàn fà á yọ ni. Bí wọ́n bá ti gé plọ́ọ̀gì, wáyà jágbajàgba ló kù fún yín.

Wáyà tí kò ní plọ́ọ̀gì mọ́ sì léwu, nítorí àwọ̀ wáyà Toyota yàtọ̀ sí àwọ̀ wáyà rédíò tí à ń rà lọ́jà. Nínú ọkọ̀ mi, búlúù onílà yẹ́lò ni iná rẹ̀ kì í kú, wáyà aláwọ̀ eérú ló ń gba iná bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ ló lọ sára irin ọkọ̀. Lára rédíò tuntun, yẹ́lò ni iná tí kì í kú, pupa ni ti kọ́kọ́rọ́, dúdú ni ti ara irin. Eérú ńkọ́? Sípíkà iwájú lápá ọ̀tún ni. Ẹni tó bá so eérú mọ́ eérú ti da iná bátìrì síbi tí ohùn ń gbà jáde nìyẹn, rédíò náà lè jóná lójú ẹsẹ̀.

Ọmọkùnrin náà mọ ìyẹn, kò sun rédíò mi. Àmọ́ ọwọ́ lásán ló fi lọ́ wáyà pọ̀, ó fi téèpù dúdú wé e, ó tì í sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin náà mọ bí inú ọkọ̀ ṣe ń gbóná lọ́sàn-án Òṣogbo. Gọ́ọ̀mù téèpù yóò yọ́, wáyà yóò tú síta. Ihò rédíò Toyota fẹ̀ tó mìlímítà 200, rédíò tuntun kò ju 180 lọ. Fóòmù ló kì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irin méjì tí síkúrúù fi ń di rédíò mú, ó ti fẹ́ jù wọ́n nù, èmi ni mo ní kó lò wọ́n.

Rédíò náà tàn, ohùn rẹ̀ dùn. Mo ṣàkíyèsí pé kò kú nígbà tí mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sì bi í léèrè. Ó ní bí Android ṣe rí nìyẹn, kí n máa tẹ bọ́tìnnì kan kí ojú rẹ̀ ṣú. Mo san owó rédíò, mo san ₦10,000 owó iṣẹ́, mo lọ sílé.

Jímọ́ọ̀ ni. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ kò tilẹ̀ tan. Aládùúgbò ló fi bátìrì tirẹ̀ bá mi tan án. Nǹkan mìíràn tún wà: 104.5 àti 91.7 tó wà ní Òṣogbo níbí ń dún dáadáa, àmọ́ Unique 103.1 ti Iléṣà, tí rédíò àtijọ́ máa ń gbé fún mi kedere, ti di ariwo ṣììì.

Mo padà lọ. Ọmọkùnrin yẹn kò ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò fi mítà kan nǹkan kan. Ó fọwọ́ lu bátìrì, ó ní, "Mọ́mì, bátìrì yín ló ti kú. Mo lè bá yín mú tòkunbọ̀ tó mọ́ wá." Bátìrì tí mo rà lọ́dún yìí! Mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un, mo sì sọ ọ́ sókè.

Ibẹ̀ ni Àlhájì tó ni ṣọ́ọ̀bù bá wa, ó ń ti ìrun Àsárì bọ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ látẹnu yín." Ọmọkùnrin náà fẹ́ já lu ọ̀rọ̀, Àlhájì gbé ọwọ́ sókè. Ó gbọ́ tèmi tán pátá. Lẹ́yìn náà ló bi í: "Ìwọ lo gé plọ́ọ̀gì ọkọ̀ yìí?"

"Àlhájì, kò bá a mu ni…"

"Mo ní, ṣé ìwọ lo gé e?"

Kò fèsì. Àlhájì ní kí wọ́n pe ọmọbìnrin kan wá láti ẹ̀yìn, níbi tó ti ń fi sọ́dà jó àńpù ẹnìkan. Ọmọṣẹ́ ni, kò tíì gba fíríìdọ̀mù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó nu ọwọ́, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun kó tó béèrè ọ̀rọ̀. Ṣé rédíò ń kú bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, mà? Ṣé aago rẹ̀ ń rántí àkókò? Ǹjẹ́ ẹ ń gbọ́ ohun tó ń dún lẹ́yìn bùútù nígbà tí ẹ bá tan rédíò àtijọ́? Ìbéèrè kẹta yẹn ni mo fi mọ̀ pé ọwọ́ ọlọ́gbọ́n ni mo bọ́ sí.

Ó tú orí bátìrì kan, ó fi mítà sáàárín. Ọkọ̀ tó sùn, ó ní, kò yẹ kó máa jẹ iná ju milliamp 50 lọ. Tèmi ń jẹ ju 1,000 lọ, tí ojú rédíò sì ṣú dúdú. Ó yọ fíùsì ẹ̀yìn rédíò, nọ́ńbà wálẹ̀ wìì. "Ẹ ń wò ó, mà? Rédíò ò sùn rárá, ó kàn dijú ni. Bátìrì yín ò ju 60 Ah lọ, ìyẹn milliamp 1,000 fún wákàtí 60. Láti Jímọ́ọ̀ di Mọ́ńdè, ó ti jẹ ẹ́ tán." Wọ́n ti so wáyà pupa àti yẹ́lò pọ̀ mọ́ iná tí kì í kú. Ó fi mítà han ọmọkùnrin yẹn náà, ohùn rẹ̀ kò yí padà, kò fi í ṣẹ̀sín.

Mo rò pé yóò ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, kó tún téèpù wé ni. Rárá o. Ó lọ síbi garawa ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ wá inú rẹ̀ títí ó fi rí plọ́ọ̀gì méjèèjì tí wọ́n gé lára ọkọ̀ mi. Ó jókòó, ó ń fi sọ́dà dá wáyà kọ̀ọ̀kan padà, búlúù onílà yẹ́lò sí búlúù onílà yẹ́lò, eérú sí eérú, ó ń wọ rọ́bà kékeré sí i, ó ń fi iná lẹ́ rọ́bà náà títí yóò fi mú wáyà pinpin. Wáyà ọkọ̀ mi padà sí bí Toyota ṣe ṣe é. Nígbà náà ló tó já adápítọ̀ lára ògiri, tó sì so ó mọ́ rédíò tuntun lórí tábìlì, nínú ìmọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Àlhájì kò lọ sílé. Ó ní kí ọmọkùnrin yẹn máa di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, kó máa wò.

Ìkẹyìn ni wáyà búlúù lára rédíò tuntun, tí ẹni àkọ́kọ́ fi téèpù wé tó sì pa tì. Òun ló ń sọ fún ẹ́ríàlì pé kó dìde. Ó so ó, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ gììì lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ́ríàlì gùn sókè, 103.1 wọlé kedere bí ẹni pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Mo pariwo. Mo dì mọ́ ọmọbìnrin náà.

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ń tan ní àárọ̀ gbogbo. Kámẹ́rà ẹ̀yìn wúlò gan-an ní Ọjà Ọba, níbi tí ọ̀kadà àti alátẹ ti ń fún ọkọ̀ mọ́. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ohùn mi jìn díẹ̀. Ẹ ra máìkì tó dá dúró. Lálẹ́, ojú rédíò mọ́lẹ̀ jù.

Inú ṣì ń bí mi sí nǹkan méjì. Ọmọkùnrin yẹn kò sọ pé "ẹ má bínú" títí mo fi kúrò níbẹ̀. Èkejì, Àlhájì kò gbowó adápítọ̀ lọ́wọ́ mi, kò sì gbowó iṣẹ́ kejì, àmọ́ kò dá ₦10,000 àkọ́kọ́ padà. Mo béèrè. Ó ní iṣẹ́ ti parí, àbí kò parí? Èmi ò gbà pé ìdáhùn nìyẹn. Owó iṣẹ́ tí wọ́n bàjẹ́ ni mo san, iṣẹ́ tó dára ni mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá lọ síbi irú iṣẹ́ báyìí, níbikíbi ní Òṣogbo, ẹ ra adápítọ̀ kí wọ́n tó tú síkúrúù kankan, kí ẹ sì mú un lọ́wọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ má jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ dúró ti ọkọ̀ yín.

Máàkì tí mo fún wọn: 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ lókè yìí yóò retí 2. Ti ọmọbìnrin yẹn ni 4, òun ni mo sì máa béèrè fún bí mo bá tún lọ. Fóòmù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò o. Àlhájì ní fúrémù tó bá ihò Toyota mu ń bọ̀ láti Èkó. Bó bá dé, màá wá kọ ọ́ síbí.