Photoshop, Affinity, GIMP, Photopea tàbí Canva: èwo ni kí ẹ mú fún èèpo mágásíìnì tó jọ ojúlówó?

Èèpo mágásíìnì fún ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, fún ìgbéyàwó, fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọléèwé àtijọ́: iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń jẹun lórí ẹ̀ ni báyìí. Ohun tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, nínú àwọn áàpù tí à ń fi ṣe é, ṣé dandan ni Photoshop. Rárá o. Ibi tí èèpo náà máa parí sí ló yẹ kó pinnu ohun tí ẹ máa sanwó fún. Èyí tó máa parí sórí status WhatsApp kò nílò ìdajì ohun tí èyí tó ń lọ sílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú tàbí Muṣin nílò.

Owó, àti ohun tó wà lábẹ́ owó

Photoshop kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà ní àràmúlé mọ́. Ẹ̀yà CS6 tó jáde ní 2012 ni ìkẹyìn irú ìyẹn. Láti 2013 ni Adobe, iléeṣẹ́ tó ni ín, ti sọ ọ́ di owó oṣù. Ní Amẹ́ríkà, Photoshop nìkan ń lọ fún nǹkan bíi 23 dọ́là lóṣù, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wínńíwínní sábẹ́ iye yẹn. Àdéhùn ọdún kan ni, tí à ń san díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fagi lé e lẹ́yìn ọjọ́ 14, wọ́n lè gba ìdajì owó oṣù tó kù nínú ọdún náà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí iṣẹ́ oṣù kan péré wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó mú ti oṣù-sóṣù, bó tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ. Dọ́là sì ni wọ́n ń kà á sí: bí náírà bá ti ń já, bẹ́ẹ̀ ni owó yín ń gòkè.

Ọ̀rọ̀ Affinity ló yí padà jù. Serif tó wà ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ nígbà náà. Canva ra Serif ní 2024. Ní òpin oṣù kẹwàá 2025, wọ́n pa áàpù Affinity mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Photo, Designer àti Publisher, pọ̀ sínú áàpù kan, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Àkáǹtì Canva lásán ni ẹ máa fi wọlé; irinṣẹ́ AI inú rẹ̀ nìkan ló ń béèrè Canva tí à ń sanwó fún. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ta “key Affinity” fún yín ń ta omi fún ẹni tó jókòó létí odò ni. Windows àti Mac ló ń ṣiṣẹ́ lé. Kò sí ti Linux, kò sí ti Android.

GIMP ti wà láti 1996, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó máa bi yín léèrè àkáǹtì. Ẹ̀yà 3.0 tó jáde ní oṣù kẹta 2025 ni kí ẹ mú, nítorí pé nínú rẹ̀ ni filter ti ṣeé padà tún ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó tán. Photopea ń ṣiṣẹ́ nínú aṣàwákiri, Chrome tàbí Firefox, láìsí pé ẹ gbé nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà. Ìpolówó ni ẹ máa fara dà, tàbí kí ẹ san nǹkan bíi 5 dọ́là lóṣù láti lé e lọ. Fáìlì yín kì í sábà kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà kì í jẹ dátà bí àwọn kan ṣe rò.

Canva ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n ohun tí èèpo mágásíìnì nílò gan-an ni wọ́n fi pamọ́ sí Pro, èyí tí à ń sanwó fún: yíyọ ẹ̀yìn fótò kúrò, PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, PDF aláwọ̀ CMYK (íǹkì mẹ́rin tí ilé ìtẹ̀wé ń lò), àti gbígbé fọ́ǹtì tiyín wọlé.

Photoshop tí wọ́n jí, tí wọ́n ń dà sí fíláàṣì ńkọ́? Kókó ibẹ̀ ni pé kò tún sí ìdí fún un mọ́ nígbà tí Affinity ti di ọ̀fẹ́.

Ìwọ̀n, kí ẹ tó fi ohunkóhun wéra

A4 jẹ́ 210 × 297 mm. Ẹ fi 3 mm kún gbogbo etí fún ọ̀bẹ ilé ìtẹ̀wé, ó di 216 × 303 mm; ní 300 píksẹ́lì lórí ínǹṣì, ìyẹn jẹ́ 2551 × 3579. Mágásíìnì Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 8.375 × 10.875 ínǹṣì. Tí ẹ bá fẹ́ kí èèpo náà rí bíi tọ̀hún, ẹ má fi A4 ṣe é, nítorí pé A4 ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú sì máa ń mọ̀ ọ́n kí ẹnu tó lè sọ ohun tó rí.

Layer kan (ìpele àwòrán kan nínú áàpù) tó kún ní ìwọ̀n A4 yìí ń gba nǹkan bíi 36 MB nínú RAM. Ogún layer ti lé ní 700 MB, ká má tíì ka áàpù fúnra rẹ̀. Adobe ní 8 GB ni ó kéré tán fún Photoshop, wọ́n sì gba èèyàn níyànjú pé kó ní 16. Lórí láptọ́ọ̀pù 4 GB, GIMP tàbí Photopea ni kí ẹ máa wò. Nínú tábìlì tó tẹ̀ lé e yìí, mockup PSD ni fáìlì Photoshop tó ń fi èèpo yín hàn bíi mágásíìnì gidi, guide sì ni ìlà atọ́nà.

| | Àlàfo etí fún ọ̀bẹ | CMYK | Mockup PSD |
|---|---|---|---|
| Photoshop | ẹ fi ọwọ́ fi kún un | ó wà | ó ṣiṣẹ́ |
| Affinity | ó wà nínú ètò ìwé | ó wà | kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ |
| GIMP | ẹ fi guide fà á | fún àyẹ̀wò àti ìkójáde nìkan | ó di àwòrán pẹrẹsẹ |
| Photopea | ẹ fi guide fà á | RGB (àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) ni iṣẹ́ ibẹ̀ | ó ṣiṣẹ́ |
| Canva | ó wà | Pro nìkan | mockup tirẹ̀ nìkan |

Kò sí áàpù tó lè tún fótò tó ti bàjẹ́ ṣe. Àwòrán tó bá jẹ́ 1600 píksẹ́lì ní gígùn, bí WhatsApp ṣe máa ń fún un pọ̀, yóò bọ́ sí nǹkan bíi 134 píksẹ́lì lórí ínǹṣì tí ẹ bá nà án dé 303 mm. Ẹ ní kí oníbàárà fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document.

Gígé èèyàn kúrò lára ẹ̀yìn: ibí ni owó ti ń sọ̀rọ̀

Orúkọ mágásíìnì tó sá sẹ́yìn orí ẹni tó wà nínú fótò ló ń mú kí èèpo jọ ojúlówó ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ètò rẹ̀ kan náà ni níbi gbogbo: fótò nísàlẹ̀, orúkọ láàárín, ẹ̀dà fótò náà lókè pẹ̀lú mask (ìbòjú tó ń pa ìyókù fótò mọ́) tó fi orí àti èjìká nìkan hàn. Bí etí mask náà bá ṣe mọ́ tó ló yàtọ̀.

Nínú Photoshop, Select Subject ló máa mú èèyàn náà, lẹ́yìn rẹ̀ Select and Mask. Búrọ́ọ̀ṣì Refine Edge wà fún irun. Ẹ fi kan etí irun nìkan. Ẹ má fi kan gèlè. Gèlè ní etí tó le, tó mú, búrọ́ọ̀ṣì yẹn á sì sọ ọ́ di òwú. Pen tool ni ti gèlè: àmì kan níbi ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, kí ìlà náà sì wọ inú aṣọ ní píksẹ́lì kan tàbí méjì kí àwọ̀ ògiri sítúdíò má baà yọ. Tí ìlà funfun bá ṣì yí irun ká, Decontaminate Colors máa ń pa á.

Photopea ní ohun tó jọ èyí, pẹ̀lú orúkọ kan náà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan mọ èkejì. Ó kàn lọ́ra díẹ̀ lórí irun tó ta jáde. Affinity ní Selection Brush àti Refine pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì Matte, irun gígùn sì máa ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n áfúrò tó ṣù mọ́ra lè nílò àtúnṣe ọwọ́. GIMP ní Foreground Select àti Paths. Paths rẹ̀ dára fún gèlè. Fún irun, sùúrù ni ẹ máa ná.

BG Remover ti Canva ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, ó yá, àmọ́ kò sí pen. Búrọ́ọ̀ṣì Erase àti Restore nìkan ló kù tí ó bá jẹ etí gèlè mọ́ àwòrán, tàbí tó gé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn dà nù. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tó wà lórí aṣọ pupa ni ó sábà máa ń ṣì.

Gèlè tún ní ìṣòro mìíràn tí áàpù kankan kò lè yanjú: ó fẹ̀. Orí tí kò ní gèlè lè bo lẹ́tà kan nínú orúkọ. Gèlè lè bo mẹ́ta. Tí ó bá ti bo ju ìdá mẹ́ta orúkọ náà lọ, tí kì í sì í ṣe orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ fa fótò náà sísàlẹ̀ tàbí kí ẹ dín in kù.

Ẹ̀ẹ̀, ọ̀ọ̀, àti ṣ

Àkọlé Yorùbá ló ń tú ọ̀pọ̀ èèpo fó, síbẹ̀ àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì kì í dárúkọ rẹ̀. Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ni à ń to pọ̀ mọ́ àmì ohùn tó dá wà, fọ́ǹtì ló sì máa sọ ibi tí àmì náà máa jókòó. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n á gbé àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí áàpù lọ yá lẹ́tà náà lára fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀rọ̀ kan wá ní ojú méjì.

Noto Sans, Noto Serif, Gentium àti Charis SIL mọ iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. GIMP ń to àmì wọ̀nyí dáadáa bí fọ́ǹtì bá ti dára. Nínú Photoshop àtijọ́, ẹ lọ sí Paragraph, ẹ yan World-Ready Layout bí àmì bá ń fò. Canva ni ibi tí ìjàǹbá pọ̀ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì rẹ̀ kò ní ẹ àti ọ, ẹ kò sì lè gbé tiyín wọlé láìjẹ́ Pro.

Àlàfo ìlà náà tún wà ńbẹ̀. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì oní-lẹ́tà ńlá ní 40 pt (póìntì, ìwọ̀n lẹ́tà) lè dúró lórí àlàfo 38. “Ọ̀ṢỌ́ ẸYẸ” kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè á gbá àmì ohùn ìlà kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 48 sí 52. Fọ́ǹtì méjì ti tó fún èèpo kan, mẹ́ta bí ó bá di dandan.

Àwọ̀ tó dé ilé ìtẹ̀wé

Gèlè aláwọ̀ osùn tó ń tàn bí iná lórí fóònù lè jáde bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ̀lú eérú. Íǹkì CMYK kò lè tẹ àwọ̀ yẹn. Àwọ̀ ewé tó ń dán àti búlúù tó mú náà ń bá a lọ. Photoshop àti Affinity lè fi hàn yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì bá oníbàárà sọ ọ́ ṣáájú. GIMP ní soft-proof tirẹ̀, ìyẹn irú àyẹ̀wò yìí kan náà. Nínú Photopea àti Canva ọ̀fẹ́, ilé ìtẹ̀wé ló máa yí i padà, ẹ̀yin á sì rí i lọ́jọ́ tí ẹ lọ gbé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà dúdú wínńíwínní jẹ́ íǹkì dúdú nìkan, K 100. Tí íǹkì mẹ́rin bá pàdé lórí lẹ́tà 8 pt, tí bébà sì yẹ̀ díẹ̀, òjìji pupa àti búlúù á yọ létí rẹ̀.

Bákóòdù ISSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mágásíìnì) jẹ́ EAN-13, bákóòdù oní-nọ́ńbà 13, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 977. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ 37.29 × 25.93 mm, ó sì lè kéré dé ìdá 80 nínú 100. Ẹ má gé funfun tó yí i ká, ẹ má sì yá ti mágásíìnì ẹlòmíràn.

CorelDRAW ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ní Nàìjíríà, CorelDRAW ni wọ́n ń lò, torí náà wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ rà á. Ó dára fún lẹ́tà àti ìlà. Photo-Paint tó bá a wá ni ti fótò, kò sì yá bíi Photoshop. Ẹni tó ń ṣe ìwé ìpè, bánà àti èèpo pọ̀ ló yẹ kó rà á. Bí èèpo nìkan bá ni tiyín, PDF tó dára tó fún wọn. Ẹni tó bá sì ti ní in, kó fi Ctrl+Q sọ lẹ́tà di ìlà, kó sì fi ẹ̀yà tó rẹlẹ̀ pamọ́, nítorí pé ti ilé ìtẹ̀wé sábà máa ń dàgbà ju tirẹ̀ lọ.

Èwo wá ni?

Láptọ́ọ̀pù 8 GB lórí Windows tàbí Mac, iṣẹ́ tó ń lọ sílé ìtẹ̀wé: Affinity, kí owó yín jókòó sápò. Kọ̀ǹpútà àyálò, tàbí mockup mágásíìnì tó wà lórí tábìlì tí ẹ fẹ́ fi han oníbàárà: Photopea. Linux: GIMP. Ọjọ́ ìbí márùn-ún lọ́sẹ̀, orí fóònù nìkan, láìsí gèlè tó ṣòro: Canva Pro. Photoshop ló tọ́ sí ẹni tó ń gé irun àti gèlè lójoojúmọ́, tí oníbàárà sì ń sanwó tó fi lè bo owó oṣù rẹ̀.

Photoshop fún yín ní ọjọ́ méje láti dán an wò. Ẹ má fi ọjọ́ wọ̀nyẹn wo fídíò. Ẹ mú fótò kan tó ní gèlè àti irun tó yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣe èèpo kan náà nínú rẹ̀ àti nínú Affinity, kí ẹ tẹ méjèèjì sórí A4. Ẹ sì fi aago fóònù sí ọjọ́ kẹfà, nítorí pé lẹ́yìn ìkeje ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó nínú káàdì yín.