Pokémon GO, Pikmin Bloom, Ingress tàbí Monster Hunter Now: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Ọ̀fẹ́ ni géèmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí láti gbé sórí fóònù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rà títí owó á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: lórí dátà, lórí power bank, lórí àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà nínú géèmù, àti lórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Pokémon GO Plus +. Ìrìn ni a fi ń ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n irú ìrìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kà yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ yẹn ló sì yẹ kó pinnu ibi tí owó yín máa lọ, kì í ṣe èyí tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù.

Pokémon GO

Oṣù Keje 2016 ni iléeṣẹ́ Niantic ní San Francisco gbé e jáde. Àwòrán títì gidi tí ẹ wà ló máa hàn lójú fóònù, GPS ló sì ń mú ère kékeré tó dúró fún yín rìn bí ẹ bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Kilómítà ni tirẹ̀. Ẹyin kan ń béèrè kilómítà 2, òmíràn 5, òmíràn 10, kí Pokémon, ìyẹn ẹranko inú géèmù náà, tó jáde nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tan Adventure Sync, ìrìn tí ẹ rìn nígbà tí ẹ ti pa géèmù náà yóò wọlé pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó ń sáré kò sí nínú àdéhùn. Kò ní kà á.

Ìṣòro rẹ̀ ni PokéStop, ibi gidi nínú ìlú tí ẹ ti ń gba bọ́ọ̀lù tí ẹ fi ń mú ẹranko àti àwọn irinṣẹ́ mìíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó mítà 80 kó tó dá yín lóhùn. Mítà 40 ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ nígbà Kòrónà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà ní 2021, àwọn tó ń ṣe géèmù náà fárígá, ó sì dúró sí 80. Èyí tó yẹ kí olùrà mọ̀ dáadáa ni ibi tí àwọn PokéStop yìí ti wá. Àwọn tó ń ṣe Ingress, géèmù Niantic tó ṣáájú rẹ̀, ló kọ́kọ́ ya fọ́tò ère, ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri alárànbarà àti ilé ìkàwé àdúgbò wọn, tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún Niantic. Ibi tí Ingress kò ti gbilẹ̀, PokéStop kì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé àárín Lọ́ńdọ̀nù lè kan púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó wà ní ìgbèríko lè rìn títí kó má rí ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i ní ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Pikmin Bloom

Niantic àti Nintendo ló jọ ṣe èyí ní 2021, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá bi mí. Ìṣísẹ̀ ló ń kà ní tirẹ̀. Ẹ ó gbin èso kékeré sínú ìkòkò, iye ìṣísẹ̀ tó kù yóò máa dínkù bí ẹ ṣe ń rìn. Tó bá pé, ẹ ó fi ìka fa ewé rẹ̀ sókè, Pikmin kan, ẹ̀dá kékeré inú géèmù náà, yóò sì jáde láti inú ilẹ̀. Yípo inú ọgbà ilé, ìrìn lọ sọ́jà, ìrìn lórí ẹ̀rọ ìdárayá, gbogbo rẹ̀ ló wúlò.

Ibi tí ẹ wà náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Pikmin tí èso rẹ̀ wá láti ilé oúnjẹ lè dé fìlà alásè. Èyí tó wá láti etí òkun lè ru ìkarawun. Nígbà tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, géèmù náà á kó ìrìn ọjọ́ yẹn jọ fún yín, ẹ sì lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Màmá àgbà tí dókítà ní kó máa rìn lè ṣe é láìsí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìjà kankan. Kò sì béèrè pé kí ojú fóònù máa tàn ní gbogbo ìgbà, èyí tó mú kó rọrùn fún bátìrì àti dátà.

Ingress àti Monster Hunter Now

Ingress ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. 2012 ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe kilómítà ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ bíi ti Pokémon GO, dídé ibẹ̀ gan-an ló fẹ́. Ẹgbẹ́ méjì ló wà, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù, wọ́n ń du ojúbodè tí wọ́n ń pè ní portal (àwọn ibi gidi bí ère àti ṣọ́ọ̀ṣì), wọ́n ń so ó pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta láti gba ilẹ̀. Portal kan ní àyè mẹ́jọ tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ sí, ẹnì kan kò sì lè fi ju irinṣẹ́ onípele 8 kan ṣoṣo síbẹ̀. Ìyẹn ni pé kí portal tó dé ìpele 8, ènìyàn mẹ́jọ gbọ́dọ̀ ti wá sí ibi kan náà. Bí ẹ kò bá ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe é ní ìlú yín, owó tí ẹ bá ná sórí rẹ̀ yóò ṣòfò.

Monster Hunter Now, tí Niantic ṣe pẹ̀lú Capcom ní 2023, wà fún ẹni tó fẹ́ràn ìjà. Ìṣẹ́jú àáyá 75 ni ìjà kan. Bí ẹ bá ń rìn tí fóònù wà nínú àpò, ológbò tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lè sàmì sí ẹranko tí ẹ kọjá, kí ẹ lè bá a jà nígbà tí ẹ bá délé. Fóònù tó lágbára ló yẹ ẹ́.

Ẹ̀rọ Plus +

Oṣù Keje 2023 ni ó jáde ní dọ́là 54.99. Pokémon GO ló wà fún lójú pópó (ó tún ń bá Pokémon Sleep ṣiṣẹ́ lóru). Ẹ ó fi kọ́ ara aṣọ, fóònù yóò wà nínú àpò. Tí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ PokéStop, ó máa gbọ̀n, ó sì lè gba nǹkan ibẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ẹ yọ fóònù. Ní Ojúẹlẹ́gbà, tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn olè ti ń gun kẹ̀kẹ́ já fóònù gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ̀mí yín ni mò ń wò nígbà tí mo bá ní kí ẹ rà á. Àmọ́ ẹ má tìtorí géèmù yìí ra Apple Watch. Wọ́n ti yọ Pokémon GO kúrò lórí aago náà láti oṣù Keje 2019.

Owó inú géèmù

Ẹ rántí àwọn géèmù ìrìn méjì bíi ìwọ̀nyí: Minecraft Earth tó kógbá sílé ní oṣù Kẹfà 2021, àti Harry Potter: Wizards Unite tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 2022. Ohun tí ènìyàn rà nínú wọn lọ pẹ̀lú wọn. Ní 2025, iléeṣẹ́ géèmù Scopely ra ẹ̀ka géèmù Niantic, Pokémon GO, Pikmin Bloom àti Monster Hunter Now lára rẹ̀, ní bílíọ̀nù 3.5 dọ́là, Ingress kù sọ́wọ́ Niantic Spatial, iléeṣẹ́ tó yọ jáde lára Niantic. Mi ò ní fi owó oṣù kan sílẹ̀ nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Ní Pokémon GO, ohun ìpa ẹyin tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ kì í bàjẹ́. Èyí tí ẹ rà máa ń parí lẹ́yìn ìlò mẹ́ta. Tí ẹ bá fi ẹranko yín ṣọ́ Gym, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń jà nínú géèmù náà, ẹ lè rí kóìnì tó tó 50 lójúmọ́ láìsan kọ́bọ̀. Àfikún àyè nínú àpò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kóìnì wọ̀nyẹn rà, torí pé títí lọ ni ti àyè àpò.