Ilé ìwòsàn tó gbin irun sí ẹ̀bátí mi ní Istanbul

Irun dídì ló pa irun ẹ̀bátí mi méjèèjì. Ó lé lógún ọdún tí mo fi ń di í pinpin, tí mo tún ń so irun rírà mọ́ ọn, títí awọ ibẹ̀ fi ń dán. Lóṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo wọ bàálù láti London lọ sí Istanbul kí wọ́n lè gbin òmíràn síbẹ̀.

Wọ́n mọ àlejò í ṣe. Wọ́n wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfúrufú, òtẹ́ẹ̀lì mọ́ tónítóní, ògbufọ̀ wọn ń pè mí ní "abla", ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn, bí àwa náà ṣe ń pe àgbà obìnrin ní ẹ̀gbọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìpàkọ́ mi tí wọ́n ti ń yọ irun tí wọ́n fẹ́ gbìn sí ẹ̀bátí. Irun tiwa tó ká lókè, ó ká lábẹ́ awọ pẹ̀lú. Abẹ roboto oníhò tí ẹ̀rọ ń yí, tí wọ́n fi ń yọ ọ́, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Tó bá wọlé tààrà, irun tó nà á jáde tòun ti gbòǹgbò, àmọ́ tiwa, ṣe ló máa gé e láàárín. Mo ní kí wọ́n gbé àwo tí wọ́n ń kó irun náà sí wá kí n wò ó. Àwọn irun kan wà níbẹ̀ láìní gbòǹgbò, bí ewédú tí wọ́n já lórí igi. Ọkàn mi bà jẹ́ gan-an.

Mo ní mo fẹ́ rí dókítà fúnra rẹ̀. Ó dé, ó pa ẹ̀rọ tì, ó mú abẹ tó fẹ̀ díẹ̀, ó ń fọwọ́ yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ lé bí irun ṣe tẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń jáde pérépéré. Ọlọ́run á san án fún un.

Kò sí ẹni tó bi mí bóyá ojú ọgbẹ́ mi máa ń wú. Kẹ́lọ́ìdì, ìyẹn àpá tó wú, tó tó ẹ̀pà wà lẹ́yìn etí mi láti ìgbà tí mo ti lu ihò kejì, aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń ṣe jù. Èmi ni mo fi hàn wọ́n.

Ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò àwọn tó nírun bíi tiwa hàn yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹyọ díẹ̀ dán an wò.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5, dókítà yẹn ló ni méjì níbẹ̀. Oṣù 10 rèé: òsì tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ti kún, mo ti ń fi kóòmù yà á. Irun tó kù kò tó èyí tí wọ́n máa gbìn sí ọ̀tún, gèlè ni mo fi ń bò ó.